Etí tí ẹ gbé wá láti ilé: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá tá à ń kọ́ èdè Jàpáànì

Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìbàdàn jókòó níwájú mi, ó na rìsíìtì kan sí mi: 180,000 yen fún kíláàsì oṣù mẹ́ta. Mo bi í pé kí ló ti lè sọ. Ó ní òun lè kí èèyàn, òun sì lè ka nọ́ńbà dé ọgọ́rùn-ún. Inú bí mi. Kì í ṣe sí òun fúnra rẹ̀. Gbọ̀ngàn àdúgbò kò jìnnà sí ilé tó rẹ́ǹtì, wọ́n ń kọ́ èdè Jàpáànì níbẹ̀ láràárọ̀ Sátidé, 100 yen owó ẹ̀dà ìwé ni wọ́n sì ń gbà. Iwájú ibẹ̀ ló ń gbà kọjá lọ wọ ọkọ̀ ojúurin lọ sí kíláàsì olówó gọbọi yẹn.

Ọdún kọkànlá mi rèé ní Saitama, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tokyo ní Jàpáànì. Láti ọdún kẹrin ni mo ti ń bá wọn ṣèrànwọ́ nínú kíláàsì Sátidé yẹn. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí, ojú mi ló rí i, òmíràn sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé owó tèmi ló bá a lọ.

Àkọ́kọ́: kíkọ́ èdè yìí pẹ̀lú lẹ́tà òyìnbó.

Oríṣi lẹ́tà méjì ni wọ́n fi ń kọ ìró ọ̀rọ̀: lẹ́tà hiragana 46 ló wà, katakana náà 46. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fún ẹni tó bá jókòó tì í dáadáa. Síbẹ̀, mo ń rí àwọn èèyàn wa tó ti lo ọdún méjì, tó jẹ́ pé lẹ́tà òyìnbó ni wọ́n ṣì fi ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ojú bá ti rí lẹ́tà òyìnbó, ẹnu á máa pè é bí òyìnbó ṣe ń pe tiẹ̀, etí á sì pa rẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Èdè Jàpáànì ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Kò rí bíi tiwa gan-an, nítorí kì í ṣe gbogbo sílébù ló ń gbé ohùn tirẹ̀. Ibi tí ohùn ti já wálẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fetí sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ ìyàtọ̀ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ láti kékeré, kí ló kù tí etí rẹ̀ ò ní gbọ́? Ẹ jẹ́ kí n fi àmì ohùn tiwa kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Tokyo. Ámè ni òjò, àmé ni súìtì tí ọmọdé ń lá. Háshì ni igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun, hàshí ni afárá. Hàshí mìíràn tún wà, tó túmọ̀ sí etí nǹkan, bí etí tábìlì. Bí ẹ bá dá òun àti afárá sọ, ohùn kan náà ni. Ẹ fi ga, ọ̀rọ̀ kékeré kan tí wọ́n máa ń fi tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ orúkọ, sí i lẹ́yìn, hàshí gà ni ti afárá, hàshí gá ni ti etí tábìlì. Ọmọ Yorùbá kan kò sí tí mo sọ èyí fún tí kò gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè tí èdè wọn kò ní ohùn, ó gba ọ̀pọ̀ wọn ní oṣù gbáko kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ kì í fi àmì sí i, nítorí wọ́n gbà pé àjèjì ò lè gbọ́ ọ. Àwa náà á wá ra ìwé yẹn, a ó san owó kíláàsì tó ń lò ó, a ó sì fi ọwọ́ ara wa ju ohun tí Ọlọ́run ti fún wa nù.

Ọdún mẹ́ta ni èmi fi pe háshì lódì. Àwọn èèyàn ń lóye mi, nítorí ẹni tó jókòó sídìí abọ́ oúnjẹ ò lè máa béèrè afárá. Kò sẹ́ni tó tọ́ mi sọ́nà, torí wọn kì í fẹ́ dójú ti àlejò. Ìyá àgbà kan nínú kíláàsì Sátidé ló gbé ọwọ́ sókè, tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, háshì, tí wọ́n tún gbé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, hàshí. Àfi bí ìgbà tí tíṣà wa ní pírámárì ń kọ dò, re, mí sójú pátákó. Mo bú sẹ́kún lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì purọ́. Ọdún mẹ́ta! Nílé ni mo ti mọ̀ ọ́n, n kò sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Fáwẹ̀lì gígùn náà ńkọ́? Obasan ni àǹtí tàbí obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀, obaasan ni ìyá àgbà. Ìró i kékeré kan náà lè yí ọ̀rọ̀ padà: byōin ni ilé ìwòsàn, biyōin ni ilé onídìrí. Ẹni tí kò jẹ́ pe oògùn ní ogun kò gbọdọ̀ ṣi obìnrin ẹni ogójì ọdún pè ní ìyá àgbà. Mo ti rí i kí ojú obìnrin náà yí padà.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: bí ẹ bá ń gbé ní Osaka tàbí agbègbè rẹ̀, ohùn ibẹ̀ yàtọ̀. Afárá tiwọn ni háshì, igi ìjẹun sì ni hàshí. Bí ọmọ Ọ̀yọ́ àti ọmọ Èkìtì ṣe yàtọ̀ náà ni. Ti àwọn tó yí yín ká ni kí ẹ kọ́.

Ìkejì: gbígbé ọ̀wọ̀ Yorùbá wọ èdè Jàpáànì láìyí i padà.

Gbogbo wa là ń dé tá a ń wí pé ọ̀wọ̀ ò lè ni wá lára, a ní ẹ, a ní wọ́n. Ibẹ̀ la ti ń ṣubú. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá jù mí lọ, wọ́n ni mo ń pè é níwájú ẹnikẹ́ni. Níhìn-ín, wọ́n á kọ́kọ́ wo ta ni ará ilé, ta ni ará òde. Ọ̀gá tí mò ń tẹrí ba fún láràárọ̀, bí oníbàárà bá béèrè rẹ̀ lórí fóònù, orúkọ rẹ̀ lásán ni mo gbọ́dọ̀ pè, láìfi san, àfikún ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fi sẹ́yìn orúkọ èèyàn, kún un, kí n sì fi ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ sọ nípa rẹ̀, nítorí lójú oníbàárà, ará ilé kan náà ni èmi àti ọ̀gá. Lọ́dún kejì mi níbi iṣẹ́, mo sọ fún oníbàárà kan pé Shachō wa irasshaimasen, ọ̀gá àgbà wa ò sí nílé, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yẹ. Orimasen ló yẹ kí n sọ. Obìnrin tó ti pẹ́ jù nínú ọ́fíìsì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ṣàlàyé jẹ́jẹ́. Ó tó oṣù mélòó kan kí ẹnu mi tó gbà láti pe orúkọ ọ̀gá gbàǹgbà fún àlejò. Ṣe ló ń ṣe mí bíi pé mò ń rí àgbàlagbà fín. Bẹ́ẹ̀ ni ti òbí náà rí: haha ni ìyá mi bí mo bá ń ròyìn wọn fún ará òde, okāsan ni ìyá tiyín.

Ẹ má fi san sí orúkọ ara yín. Ẹ má sì dọ̀bálẹ̀ fún olùkọ́. Wọ́n ní nǹkan tó jọ ọ́, dogeza, ìkúnlẹ̀ tí èèyàn fi ń kan iwájú orí mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ gidigidi tó ń bẹ̀bẹ̀ ló ń ṣe é. Ọmọ wa kan ṣe é fún bàbá olùkọ́ kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, jìnnìjìnnì bá bàbá náà, wọ́n rò pé ó ti dá ọ̀ràn. Ẹ dúró, kí ẹ tẹ̀ba láti ìbàdí. Ó tó.

Ìkẹta: fífi ìdánwò ṣe gbogbo ìgbésí ayé. JLPT, ìdánwò èdè Jàpáànì fún àwa àjèjì, wà láti 1984, láti 2010 ló sì ti ní ìpele márùn-ún, N5 tó rọrùn jù sí N1 tó le jù. Oṣù Keje àti oṣù Kejìlá ni wọ́n ń ṣe é. Kò sí ibi kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti ń ní kí ẹ ya ẹnu yín sọ̀rọ̀. Mo mọ ẹni tó ní N2 tí kò lè ṣàlàyé fún dókítà ibi tó ń dùn ún. Ìforúkọsílẹ̀ náà ń parí ní oṣù mélòó kan ṣáájú ọjọ́ ìdánwò, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá ṣetán.

Ẹ má ra ohun èlò orí fóònù kankan fún kanji, àwọn lẹ́tà tó wá láti Ṣáínà, 2,136 tí ìjọba tò sínú ìwé. Ẹ kọ́ èyí tó wà lára ilé ìtajà àti ibùdókọ̀ yín ná.

Kì í ṣe orí èdè nìkan la ti ń fi owó ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ìlera ara. Mo rí àwọn tó ń san owó ilé ìmárale lóṣooṣù tí wọn ò sì lọ ju ẹ̀ẹ̀mejì. Ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, NHK, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Jàpáànì, máa ń gbé rajio taisō, eré ìmárale, sórí rédíò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ètò náà ti wà láti 1928, yàtọ̀ sí ọdún díẹ̀ tó dáwọ́ dúró lẹ́yìn ogun. Nínú páàkì púpọ̀, àwọn àgbà máa ń kóra jọ ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíra wọn láàárọ̀, kò sí kíláàsì tó kọ́ mi. Ilé ìwẹ̀ àdúgbò, sentō, náà ńkọ́? Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń dé owó rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní Tokyo, ní oṣù Kẹjọ 2024, 550 yen ni wọ́n fi sí. Ẹ wẹ̀ kí ẹ tó wọ inú omi gbígbóná, kí tówẹ̀lì má kan omi.

Yukata, aṣọ ìbílẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń wọ̀ nígbà ooru: òsì ló ń borí ọ̀tún. Ẹni tó bá fi ọ̀tún borí òsì ti múra bí òkú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ fún wọn. Ẹ má san owó púpọ̀ lórí rẹ̀, àlòkù tó dára pọ̀ ní ọjà.

Ní àkókò Obon, tí wọ́n gbà pé àwọn baba ńlá ń padà wá sílé, wọ́n máa ń jó bon odori yí pèpéle gíga kan ká. Mo máa ń rí àwọn èèyàn wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fóònù lọ́wọ́, tí wọ́n ń ya fídíò. Ọmọ ìlú Egúngún ni yín! Ẹ wọnú agbo, ẹ dúró sẹ́yìn ìyá àgbà tó mọ ẹsẹ̀ ijó jù, ẹ ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe.

Ayẹyẹ tíì mímu ti ìbílẹ̀ wọn: ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ kí ẹ tó gbé abọ́, torí ó lè ha á. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun. Ẹ má sì lọ san owó arìnrìn-àjò. Ní àyíká ọjọ́ kẹta oṣù Kọkànlá, tó jẹ́ Ọjọ́ Àṣà, ọ̀pọ̀ ìlú máa ń ṣe àjọ̀dún tiwọn, wọ́n sì ń bu tíì yẹn fún èèyàn ní ọgọ́rùn-ún yen mélòó kan.

Èyí tó kù yìí ló mú mi gbé bírò. Kíláàsì àdúgbò. Òfin 1949 ló fi ẹsẹ̀ kōminkan, gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ àwọn ará àdúgbò, múlẹ̀. Òfin 2019 sì sọ ọ́ di ojúṣe ìjọba àpapọ̀ àti ti ìbílẹ̀ láti mú ẹ̀kọ́ èdè Jàpáànì gbèrú fún àwa àjèjì. Ẹ lọ sí ilé ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ sọ pé Nihongo kyōshitsu o sagashite imasu, mò ń wá kíláàsì èdè Jàpáànì. Wọ́n á fún yín ní ìwé tó to wọn lẹ́sẹẹsẹ.

Nítorí pé owó rẹ̀ kéré, àwọn èèyàn wa ń rí i bí ohun tí kò níláárí. Wọ́n á wá lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á pòórá. Àwọn tó ń kọ́ wọn kì í gba owó oṣù. Ọ̀pọ̀ wọn ti fẹ̀yìntì. Ìyá àgbà tí mo ròyìn wọn lẹ́ẹ̀kan ti lé ní ẹni 70 ọdún. Wọ́n máa ń fi ọwọ́ kọ ìwé iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó ń ṣe ṣe rí: fún ẹni tó wà ní ilé iṣẹ́ irin, orúkọ irinṣẹ́, fún abiyamọ, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ wa kan wá, wọ́n kọ tirẹ̀ ní ojú ewé mẹ́fà. Kò padà wá, kò sì pè. Sátidé mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi gbé ìwé náà wá, tí wọ́n tẹ́ ẹ síwájú àga tó ṣófo. Ní ìkarùn-ún, wọ́n bi mí bóyá ara rẹ̀ kò yá. Mo mọ̀ pé ara rẹ̀ yá. Mo ní màá béèrè.

Bí ẹ ò bá ní lè wá, ẹ pè. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ọmọ Ìbàdàn yẹn ti wá ní Sátidé méjì báyìí. Tábìlì ìyá àgbà ni wọ́n fi í sí. Nígbà tó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi bírò pupa fa ìlà kéékèèké sórí hiragana, ọ̀kan sókè, ọ̀kan wálẹ̀. Ìyá àgbà bi mí pé kí nìyẹn. Mo ní bí wọ́n ṣe ń kọ èdè ilé wa ni. Wọ́n gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, wọ́n kà á sókè, ámè, àmé, wọ́n sì ní kí ó kọ gbogbo èyí tó kù bẹ́ẹ̀.