Bí mo ṣe fi ìpàtẹ tí kò lólùtajà kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìwà

Ní kíláàsì kẹrin tí mò ń kọ́ n'Ìbàdàn, kò sọ́mọ tí kò lè kà á lórí pé olè jíjà kò dáa. Wọ́n á kà á, wọ́n á kọ ọ́ nínú ìdánwò, wọ́n á gba máàkì. Síbẹ̀, pẹ́ńsùlù ń sọnù. Mo wá rántí ohun tí àwọn ìyá wa máa ń ṣe létí ọ̀nà oko: wọ́n á pàtẹ ọsàn tàbí iṣu, wọ́n á kó òkúta wẹ́wẹ́ tì í láti fi iye rẹ̀ hàn, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò ka òkúta, yóò fowó sílẹ̀, yóò mú ọjà.

Mo gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé wa, mo sì ṣàlàyé fún àwọn òbí. Èmi ni mo fi ojú owó sílẹ̀. Mi ò fi nǹkan jíjẹ sí i rárá, torí ebi ń pa àwọn ọmọ kan lóòótọ́, kò sì yẹ ká fi ebi dán ọmọdé wò. A gbé tábìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí mi ò ti lè rí i láti inú kíláàsì. Bí ojú olùkọ́ bá wà lára ọjà, ẹ̀rù ló ń ba ọmọ, kì í ṣe ìwà ló ń hù. Òkúta kan dúró fún ₦50: ìrésà gba ọ̀kan, pẹ́ńsùlù méjì, ìwé kékeré mẹ́ta. Agolo kan wà fún owó àti ṣéńjì. Àwọn ọmọ ló ń ka owó kí wọ́n tó lọ sílé.

Kò pẹ́ tí ₦50 fi dín. Kí n tó lanu, wọ́n ti ń nàka sí ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn, tí kì í sábà lówó lọ́wọ́. "Àǹtí, òun ni! Òun ló gba ibẹ̀ kọjá!" Ọmọ náà ò fèsì, bàtà rẹ̀ ló ń wò.

Mi ò yẹ àpò ẹnikẹ́ni wò, mi ò mú pàṣán. Mo ní kí gbogbo ẹni tó rajà wá ṣe é lójú wa bó ṣe rà á. Nígbà tó kan ọmọbìnrin kan, ó fi ₦200 sílẹ̀ fún ìwé kékeré, ó ka òkúta mẹ́ta, ló bá mú ṣéńjì ₦100. Kò jalè, ìṣirò ni ò yé e. Ó bú sẹ́kún, mo fà á mọ́ra.

Mo bi wọ́n pé, "Ta lẹ pè lólè?" Kíláàsì pa lọ́lọ́. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bẹ̀bẹ̀. Ọmọ tó kọ́kọ́ nàka ló dìde, ó lọ bá ọmọkùnrin náà níjòókòó: "Má bínú, mi ò rí ẹ kó o mú un." Ọ̀rọ̀ yẹn la fi lo ìyókù àkókò wa: kí ni mo fojú rí, kí ni mo kàn rò? Lójú mi, ẹ̀kọ́ yẹn ju ti olè lọ.

Lọ́jọ́ kejì, a kọ́ ṣéńjì bí àwọn ìyálọ́jà ti ń ṣe é, a ń kà lọ sókè láti 150 títí dé 200.

Nígbà tí èrè pọ̀ díẹ̀, mo ní kí wọ́n jíròrò ohun tí a máa fi rà. Bọ́ọ̀lù ni àwọn kan fẹ́. Wọ́n jiyàn títí, wọ́n dìbò, ọṣẹ àti ike omi ìfọwọ́ ló borí. Àwọn fúnra wọn ló ń pọnmi sí i báyìí.