Ẹ̀pà Tó Bu Ń Ba Pátánì Ara Jẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ìyá wa l'Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ẹni tó bá ti dé Ìtòkú mọ pátánì onípáànù tí wọ́n fi ń ṣe àdìrẹ, tójú kan bá ya lára ẹ̀ tí wọn ò tún un ṣe, gbogbo aṣọ tí wọ́n bá fi ṣe lẹ́yìn náà ló máa gbé àbùkù yẹn jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni DNA rí, ìyẹn pátánì tí ara wa fi ń ṣiṣẹ́, tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara wa. Ojoojúmọ́ ló ń bàjẹ́, nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ó lè ju ìgbà 10,000 lọ lójúmọ́, àmọ́ ara ní àwọn atúnṣe tiẹ̀, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń gé ibi tó bàjẹ́ kúrò tí wọ́n ń fi tuntun dí i. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Lindahl, Modrich àti Sancar, tó ṣàlàyé iṣẹ́ yìí gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. Èyí tí wọn ò bá rí tún ṣe kí sẹ́ẹ̀lì tó pín sí méjì, ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ti lè bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan jogún àbùkù lára àwọn atúnṣe yìí, irú bíi BRCA1 àti BRCA2, torí náà tí ìyá àti ẹ̀gbọ́n yín bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú, ẹ tètè lọ rí dókítà, kì í ṣe iṣẹ́ ayé.

Èyí tó ká mi lára jù ni ẹ̀pà àti àgbàdo. Tí wọn ò bá gbẹ dáadáa kí wọ́n tó wọ àpò, nǹkan bí eruku aláwọ̀ ewé á hù sí i lára, oró ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní áfílátọ́síìnì á wá lẹ̀ mọ́ DNA inú ẹ̀dọ̀, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, tẹ́ni náà bá tún ní hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ kan tó ń ranni, ewu yẹn di ìlọ́po-ìlọ́po. Sísè àti dídín ò lè mú un kúrò tán. Ẹ da ẹ̀pà sórí àtẹ, ẹ ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bu, tó hunjọ, tó korò lẹ́nu, ẹ dà á nù, ẹ má fún adìyẹ, ẹ má sì tà á fún oníkulikuli. Ó ń dunni o, owó ni, èmi náà ti da odidi kóńgò kan nù rí.

Ẹ má sá àgbàdo sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lásán, ẹ tẹ́ tapólì, kẹ́ ẹ sì gbé àpò sórí pákó. Aflasafe, ohun tí wọ́n ń fọ́n sóko láti dènà oró yìí, tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn, ṣe náà wà, kílò 10 lẹ máa fọ́n sí hẹ́kítà kan, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó.

Ọmọ tuntun ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó gba abẹ́rẹ́ hepatitis B kí wákàtí 24 tó pé.