Bíréèkì Mazda MX-5 Tó Ń Rọ̀ Lórí Pápá Ìsáré: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mazda MX-5 ọdún 2002 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnnì 1.8. Òun ni mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, òun náà ni mo gbé lọ sí pápá ìsáré Brands Hatch lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyípo mẹ́rin àkọ́kọ́ dùn púpọ̀. Nígbà tó di ìkarùn-ún, bí mo ṣe ń wọ kọ́nà Paddock Hill, mo tẹ bíréèkì, pẹ́dà rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Àfìgbà tí mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kí ọkọ̀ tó dáhùn. Lẹ́yìn tó tutù, pẹ́dà padà sípò. Mẹkáníìkì kan ní kí n ra kálípà ńlá àti dísìkì ńlá, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fi owó rẹ pamọ́ ná. Pẹ́dà tó rọ̀ nígbà tí ara ọkọ̀ gbóná, tó sì padà sípò nígbà tó tutù, ọ́ìlì bíréèkì ló hó.

Bí kálípà bá fi páàdì di dísìkì tó ń yí pẹ̀lú táyà mú, eré tí ọkọ̀ ń sá ló ń di ooru. Ooru yẹn á gba ara páàdì kọjá sínú kálípà, á sì bá ọ́ìlì tó wà níbẹ̀. Ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀, ìdí nìyẹn tí agbára ẹsẹ̀ rẹ fi ń dé ìdí táyà. Ṣùgbọ́n bó bá hó, apá kan rẹ̀ á di atẹ́gùn, atẹ́gùn sì ṣeé fún pọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ á wá máa tẹ atẹ́gùn, dísìkì ò ní gbọ́ nǹkan kan.

DOT 4, irú ọ́ìlì bíréèkì tó wọ́pọ̀, bó bá jẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ dé 230°C, ó kéré tán, kó tó hó. Àmọ́ ọ́ìlì yìí máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, bó o tilẹ̀ dé e pa. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, 155°C ni wọ́n ń retí kó lè fara dà. Lójú pópó Lọ́ńdọ̀nù, o lè má mọ̀ pé ó ti bà jẹ́. Ní Brands Hatch ńkọ́? Ojú ọ̀nà gbọọrọ lo ti ń bọ̀ pẹ̀lú eré kó o tó kan Paddock Hill, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀. Ìyípo kan ní Indy, ọ̀nà kúkurú inú Brands Hatch, kò ju ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ, bíréèkì ò ráyè sinmi.

Ẹsẹ̀ rẹ ni kó o fi máa yẹ̀ ẹ́ wò kó o tó ná kọ́bọ̀. Bí pẹ́dà bá le koko, tí ọkọ̀ ò sì fẹ́ dúró, páàdì ló ti gbóná kọjá agbára rẹ̀. Bó bá rọ̀ nígbà tó gbóná nìkan, ọ́ìlì ni. Bó bá rọ̀ ní òwúrọ̀ tí ohun gbogbo tutù, atẹ́gùn ti wọ inú páìpù, tàbí hóòsì rọ́bà ti gbó, tàbí ibì kan ń jò. Yẹ ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò bóyá ó tutù rinrin. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni pẹ́dà tó ń rọra rì nígbà tó o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nídìí iná ojú pópó. Bí kò bá sí ibi tó ń jò, rọ́bà inú master cylinder (ẹ̀rọ ìdí pẹ́dà tó ń ti ọ́ìlì lọ sí kálípà) ló ti jẹ. Má gbé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò nílé.

Ìbéèrè: Ọ́ìlì wo ni kí n wá rà? Ẹnì kan ní DOT 5 ló ga jù.

Ìdáhùn: Má fi DOT 5 sí i rárá. Sílíkónì ni, kò bá èyí tó wà nínú ọkọ̀ rẹ pò. DOT 5.1 yàtọ̀ sí i pátápátá bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra: òun àti DOT 4 bára wọn tan, tuntun rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé 260°C. Fún ẹni tó ń lọ pápá bíi tìrẹ, Motul RBF 600 ni mo máa ń dámọ̀ràn. Ó kọjá 300°C kó tó hó, kò sì wọ́n jù. Bó o bá ń lọ pápá, máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ti ojú pópó nìkan, ọdún méjì méjì.

Ra ike tuntun tí wọn ò tíì ṣí. Èyí tó ṣẹ́ kù láti ọdún tó kọjá ti gba omi. Láti fa ọ́ìlì àtijọ́ jáde kí tuntun wọlé, wá ẹnì kan jókòó sídìí pẹ́dà. Ẹ̀yìn lápá òsì ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló jìnnà jù sí master cylinder nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń wà lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, iwájú lápá òsì, iwájú lápá ọ̀tún. Fi páìpù rọ́bà tó mọ́ gaara sẹ́nu nọ́ọ̀tì kékeré tí ọ́ìlì ń gbà jáde lára kálípà, kó o lè rí ohun tó ń jáde. Ọ́ìlì tó ti gbó máa ń dúdú bíi tíì, tuntun á tẹ̀ lé e bí oyin tó fẹ́lẹ́. Kí ẹni tó wà nídìí pẹ́dà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó o tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, kó o tì í kó tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Má jẹ́ kí ọ́ìlì inú ike òkè lọ sílẹ̀ tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ á wọlé, wàá sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá kán sára ọ̀dà ọkọ̀, tètè fi omi ṣàn án, ó máa ń bó ọ̀dà.

Ìbéèrè: Páàdì ńkọ́? Ṣé mo lè fi ti ìdíje sí i kí n máa lò ó lójoojúmọ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Páàdì ìdíje gidi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná kó tó di dísìkì mú. Láàárọ̀ òjò, bí ọmọdé bá já sójú títì lójijì, kò ní sí ooru kankan lára rẹ̀. Ó tún máa ń han etí, ó sì máa ń jẹ dísìkì. Èyí tó wà láàárín ni kó o wá, bíi Ferodo DS2500. Tó o bá fi sí i tán, wá ọ̀nà tó dá, tẹ bíréèkì láti eré tó pọ̀ díẹ̀ sí eré kékeré lọ́pọ̀ ìgbà láìdúró pátápátá, lẹ́yìn náà jẹ́ kó tutù. Èyí ló ń jẹ́ kí ara páàdì lẹ̀ mọ́ dísìkì dọ́gba.

Bí sítíárìn bá wá ń gbọ̀n nígbà tó o bá tẹ bíréèkì, wọ́n á sọ fún ọ pé dísìkì ti wọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara páàdì ló lẹ̀ mọ́ ọn láìdọ́gba, nítorí awakọ̀ dúró tó sì fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì nígbà tó gbóná. Torí náà, fi ìyípo tó kẹ́yìn wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Bó o bá dé ibi ìgbọ́kọ̀sí, má fa bíréèkì ọwọ́. Fi ọkọ̀ sí jíà, kó o fi igi dá táyà dúró.

Ìbéèrè: Mo tún fẹ́ fi turbo sí i, kí ẹ́ńjìnnì lè lágbára sí i.

Ìdáhùn: Kò tíì tó àsìkò. Wo ìṣirò yìí: bí eré bá kúrò ní máìlì 70 ní wákàtí kan sí 100, ooru tí bíréèkì gbọ́dọ̀ gbé á di ìlọ́po méjì. Ẹni tí bíréèkì rẹ̀ ń hó báyìí, kí ló fẹ́ fi agbára kún un ṣe? Fi owó turbo yẹn ra táyà tó dára, kó o ṣe alignment (títo táyà kó dúró bó ṣe yẹ), kó o sì sanwó fún olùkọ́ tó máa jókòó tì ọ́ lórí pápá.

Nípa táyà, 26 psi ni Mazda sọ fún ọkọ̀ rẹ nígbà tó bá tutù. Lórí pápá á lọ sókè gan-an, jọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n má gbàgbé láti fẹ́ ẹ padà kó o tó wọ ọ̀nà ilé. Tún nọ́ọ̀tì táyà dì lẹ́yìn ìsáré àkọ́kọ́ pẹ̀lú torque wrench (sípánà tó ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó), láàárín 88 sí 118 Nm. Yẹ ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì wò láàárín ìsáré kan sí èkejì. Sì ka ìwé ìńṣọ́ráǹsì rẹ dáadáa: èyí tó wà fún ojú pópó kì í sábà bo pápá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ohun tó o bá yí padà lára ọkọ̀.

Ìpẹtà gan-an ló ń ká mi lára nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rẹ. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pa MX-5 ìgbà yẹn púpọ̀. Abẹ́ ilẹ̀kùn níwájú táyà ẹ̀yìn àti igi ṣásíìsì iwájú ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á dára lójú lókè, inú á ti rà. Fi ìka kàn án kó o tó ti jáàkì bọ abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, fún ọ lè kọ̀ ọ́ nítorí rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Bí mo bá ṣe gbogbo èyí tán, tí pẹ́dà sì tún rọ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Pààrọ̀ hóòsì rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti lé lógún ọdún, kó o sì wá bí afẹ́fẹ́ iwájú ọkọ̀ ṣe máa fẹ́ sí dísìkì. Bó bá tún ń hó lẹ́yìn èyí, o ti ń sáré ju bíréèkì yẹn lọ lóòótọ́, a lè wá sọ̀rọ̀ dísìkì ńlá. Mazda fúnra rẹ̀ fi dísìkì iwájú mìlímítà 270 sí àwọn MX-5 Sport kan tó jáde láti 2001. Wá èyí pẹ̀lú kálípà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà, kó o rí i pé rímù rẹ tó íǹṣì 15, torí 14 kò ní gbà á. Fi fọ́tò ohun tó o bá rí ránṣẹ́ sí mi kó o tó sanwó.