Bí olóògbé bá fi ẹrù Fìrímásọ́nì sílẹ̀, ẹ má tíì dáná sun ún

Ẹ̀yin opó àtẹ̀yin ọmọ olóògbé ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ṣí àpótí bàálé tí ẹ bá épúrọ́ọ̀nù awọ funfun, ìbọ̀wọ́ funfun àti ìwé tí wọ́n ya kọ́ńpáàsì sí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣá ìṣáná. Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ, ọkọ mi sì ṣe Másọ́nì, ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ Fìrímásọ́nì, títí ó fi kú. Mo mọ bí ẹrù náà ṣe ń jáni láyà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹgbẹ́ tó ni ín. Ní Abẹ́òkúta níbí, awo ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹdan, ère idẹ takọtabo tí ẹ̀wọ̀n so pọ̀, ti Ògbóni nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ ránṣẹ́ sí Olúwo tàbí Apènà, àwọn olóyè Ògbóni, ní ilédì, ilé ìpàdé wọn. Reformed Ogboni tún yàtọ̀: T.A.J. Ògúnbíyìí, àlùfáà Áńgílíkà, ló dá a sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1914. Fìrímásọ́nì ní tiẹ̀, òyìnbó ló kó o dé. Lọ́ọ̀jì, ìyẹn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wọn, mẹ́rin ló para pọ̀ ní London lọ́dún 1717. Ní Nàìjíríà, lọ́ọ̀jì kan wà lábẹ́ England, òmíràn lábẹ́ Scotland tàbí Ireland. Nọ́mbà ara sàtífíkéètì ni kí ẹ wò, kí ẹ lè mọ lọ́ọ̀jì tiẹ̀.

Ẹ tọ́jú ìwé ṣáájú aṣọ: sàtífíkéètì, rìsíìtì owó ẹgbẹ́, lẹ́tà ìpàdé. Ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ tó bi akọ̀wé lọ́ọ̀jì bóyá owó kan wà fún opó. Ìwé kékeré tí lẹ́tà inú rẹ̀ ń fò kì í ṣe oògùn o. Wọ́n gé ọ̀rọ̀ kúrú kí ará ìta má baà lè kà á ni.

Èmi fẹ́ràn épúrọ́ọ̀nù náà jù. Ní lọ́ọ̀jì tó wà lábẹ́ England, funfun lásán ni ti ẹni tuntun. Bí rósẹ́ẹ̀tì (ríbọ́ọ̀nù tí a ká bí òdòdó) aláwọ̀ sánmà mẹ́ta bá wà lára rẹ̀, olóògbé ti dé ipò kẹta. Bó bá jẹ́ lẹ́tà T tí a dorí rẹ̀ kodò ló rọ́pò wọn, ó ti jókòó lórí àga olórí rí. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ fi tẹ̀rú wé e. Náílọ́ọ̀nù á jẹ́ kó bu, àdìrẹ ẹlú tuntun á sì kó aró bá a (ẹ gbà mí gbọ́).

Bí olóògbé bá jẹ́ Kátólíìkì, ẹ bá fadá sọ ọ́ kí lọ́ọ̀jì tó yọ sí ibi ìsìnkú. Láti 1738 ni Póòpù ti fòfin de ẹgbẹ́ yìí, Vatican sì tún un sọ ní 2023.

Àwọn àgbà lọ́ọ̀jì ń ráhùn pé ọ̀dọ́ kò wọlé mọ́. Báwo ni wọn yóò ṣe wọlé, nígbà tí a ń sun ẹrù bàbá wọn lóru? Ẹ yan ọmọ-ọmọ kan, ẹ fi épúrọ́ọ̀nù náà lé e lọ́wọ́, kí ẹ sọ ìtumọ̀ àmì ara rẹ̀ fún un. Ìbáà wọgbẹ́, ìbáà má wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ báàjì oyè tó ní okùn ọrùn, lọ́ọ̀jì ló sábà máa ń ni ín. Ẹ dá a padà, kí ẹ sì gba ìwé pé ẹ dá a padà.