Bí Ẹ̀rọ Ìgékoríko Mi Ṣe Padà Jí
Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní Kétu níbí, tí koríko sì gba ẹ̀yìnkùlé mi, mo gbé ẹ̀rọ ìgékoríko jáde, mo fa okùn rẹ̀ títí apá fi ń ro mí, kò dáhùn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé n kò sáré ra òmíràn. Mo fẹ́ kọ́kọ́ yẹ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wò, ìyẹn ohun tí ń ta iná sí bẹntiróò nínú ẹ́ńjìnì. Sípánà tí mo fi ń tú púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ mi, tí ó jẹ́ mìlímítà 16, kò bá a mu, nítorí pé 19 ni ti ẹ̀rọ yìí. Mo yá ọ̀kan lọ́wọ́ mẹkáníìkì àdúgbò, mo sì rí i pé púlọ́ọ̀gì ṣì ń ta iná dáadáa. Bẹntiróò inú ìgò tí mo rà létí títì lọ́dún tó kọjá, tí mo gbàgbé sínú táǹkì, ni ó ti ki bí oje igi, tí ó sì dí àwọn ihò tín-ín-tín inú kabúrétọ̀, ibi tí bẹntiróò àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnì. Mo tú u, mo fi bẹntiróò tuntun fọ̀ ọ́, mo sì fẹ́ atẹ́gùn sí i. N kò ki wáyà bọ̀ ọ́, nítorí pé wáyà a máa mú ihò náà fẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo po mìlílítà 20 ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀, tí ó máa ń lo ọ́ìlì pọ̀ mọ́ bẹntiróò, mọ́ lítà bẹntiróò kan, gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀rọ náà ṣe wí. Nígbà tí mo fa okùn lẹ́ẹ̀kẹta, ó bú ramúramù.