Bí mo ṣe ya ògiri ṣọ́ọ̀ṣì St Peter-on-the-Wall

Iṣẹ́ tí mo gbà ni pé kí n ya àwòrán ògiri gúúsù ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Bradwell-on-Sea, Essex, ní ilẹ̀ England, kí n sì fi àwọ̀ ya iṣẹ́ àsìkò kan sọ́tọ̀ kúrò lára ti òmíràn. Cedd, mọ́ńkì tó ti Lindisfarne, erékùṣù kan ní àríwá England, wá, ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà ní nǹkan bí ọdún 654. Orí ògiri Othona gan-an ló gbé e lé, ìyẹn odi tí àwọn ọmọ ogun Róòmù kọ́ ní ọ̀rúndún kẹta.

Mọ́tò kì í dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi gba àárín oko kọjá, atẹ́gùn òkun sì fẹ́ gba bébà lọ́wọ́ mi.

Èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí ni mo kọ́kọ́ yọ kúrò. Àwọn àgbẹ̀ ti sọ ṣọ́ọ̀ṣì yìí di àká rí, wọ́n sì lu ògiri kí kẹ̀kẹ́ ẹrù lè ráyè wọlé. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n yà á sí mímọ́ padà ní 1920, wọ́n dí ojú ihò náà. Ẹ ò lè wò ó kẹ́ ẹ má rí i. Mo kùn ún ní àwọ̀ eérú, ó tán.

Ti Cedd ló kù, ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí òkúta Róòmù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Essex ò ní òkúta ìkọ́lé tó dáa. Ta ni yóò rí òkúta gbígbẹ́ nílẹ̀ tí yóò tún wá òmíràn lọ? Bíríkì Róòmù pupa, ó fẹ̀, ó sì pẹlẹbẹ ju ti òde òní lọ. Àwọn ará Róòmù máa ń tò ó ní ìlà gbọọrọ. Níbí, ó wà káàkiri láàárín òkúta wẹ́wẹ́, àfi ní igun ilé tí wọ́n ti lo òkúta ńláńlá. Torí náà, àwọ̀ méjì ni mo fún òkúta kọ̀ọ̀kan: inú rẹ̀ fún ẹni tó gbẹ́ ẹ, etí rẹ̀ fún bíríkìlà Cedd tó tò ó.

Mo yọjú sí ògiri ìlà-oòrùn pẹ̀lú. Ìdí ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ bí ọrun ṣì wà níbẹ̀, bíríkì Róòmù ni wọ́n fi ṣe é. Irú ìlànà ìkọ́lé yìí náà ni wọ́n lò ní Reculver, ní Kent, nínú odi Róòmù mìíràn, ní 669.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya ògiri gúúsù, ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oòrùn ẹ̀gbẹ́ ló ń jẹ́ kí etí bíríkì hàn.