Bí a ṣe ń tọpa ìran àwọn ará ààlà Skọ́tláǹdì: Armstrong, Elliot, Scott, Kerr àti àwọn yòókù

Ẹni tó bá ń jẹ́ Armstrong, Elliot, Kerr, Nixon tàbí Turnbull, tàbí tí ìyá rẹ̀ wá láti irú ìdílé bẹ́ẹ̀, kì í pẹ́ rí ẹni tó máa sọ fún un pé ọmọ àwọn tó ń dá sùnmọ̀mí ní ààlà Skọ́tláǹdì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, àwọn tí wọ́n ń pè ní reiver. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ orúkọ nìkan kò tó ẹ̀rí. Láyé ìgbà tí wọ́n ń kó màlúù ara wọn lóru, títí di 1603, orúkọ ìdílé níbẹ̀ tún ń fi ẹni tí èèyàn sá di hàn. Kì í ṣe gbogbo Scott ló jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Nítorí náà, ẹ má mú akọni kan nínú ìtàn kí ẹ wá máa wá ọ̀nà tí ẹ ó fi so ara yín mọ́ ọn. Ọ̀dọ̀ ara yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa padà sẹ́yìn ní ìran kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ kejì kí ìwé tó fìdí ti àkọ́kọ́ múlẹ̀.

Lẹ́yìn orúkọ, ohun tí ẹ nílò jù ni párísì, ìyẹn àdúgbò ìjọ kan tó ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Párísì àti káúńtì àtijọ́ ni wọ́n fi to ìwé Skọ́tláǹdì. Láti 1975 ni wọ́n ti ń pe Berwick, Roxburgh, Selkirk àti Peebles lápapọ̀ ní Borders, àmọ́ orúkọ àtijọ́ ló ṣì wà lára ìwé. Dumfries wà lọ́tọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn. Fún Armstrong, Elliot, Nixon àti Crozier, ẹ kọ́kọ́ wo Liddesdale, tí párísì rẹ̀ ń jẹ́ Castleton. 1793 ni wọ́n tẹ ìlú Newcastleton tó wà níbẹ̀ dó, torí náà ẹni tó bá kọ ọ́ pé wọ́n bí bàbá ńlá òun ní Newcastleton ní 1740 ti ṣìnà. Scott pọ̀ ní Teviotdale àti Ettrick, Kerr ní àyíká Jedburgh, Home ní Berwickshire, Johnstone àti Irving ní Annandale. (Ìlú Annan, níbi tí odò Annan ti ń wọ òkun, ni wọ́n bí Hugh Clapperton sí ní 1788, òun náà tó gba Àgbádárìgì wọ Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826.)

Láti 1855 wá sí ìsinsìnyí

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1855 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ ní Skọ́tláǹdì. Orí ScotlandsPeople, ìkànnì ìjọba, ni ẹ ti máa rí wọn. Ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ wá orúkọ lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà ẹ ra kírẹ́díìtì láti fi wo àwòrán ìwé náà. Ẹ má fi atọ́ka nìkan ṣe, nítorí inú àwòrán ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìwé ikú ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ó ń dárúkọ bàbá àti ìyá olóògbé, àti ìdílé tí ìyá náà ti wá. Ẹni ọgọ́rin ọdún tó kú ní 1860 lè fà yín dé ọ̀dọ̀ òbí tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1750. Àmọ́ olóògbé kọ́ ló sọ̀rọ̀. Ẹ wo orúkọ ẹni tó lọ ròyìn ikú náà: bó bá jẹ́ ọkọ ọmọ rẹ̀ tàbí aládùúgbò, orúkọ ìyá olóògbé lè jẹ́ àbá lásán. Bí olóògbé bá ṣe ìgbéyàwó láti 1855 wá, ẹ fi ìwé ìgbéyàwó yẹ̀ ẹ́ wò, torí òun fúnra rẹ̀ ló dárúkọ òbí rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá sì bímọ ní 1855 gan-an, oríire ńlá ni: ọjọ́ orí òbí, ibi tí wọ́n bí wọn sí, ibi àti ìgbà tí wọ́n ṣègbéyàwó, àti iye ọmọ tó ṣáájú, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé náà. Iṣẹ́ ọ̀hún pọ̀ jù fún àwọn akọ̀wé, wọ́n sì dín in kù ní 1856.

Ìbí tí kò tíì pé 100 ọdún, ìgbéyàwó tí kò tíì pé 75 àti ikú tí kò tíì pé 50 kò ní àwòrán lórí ìkànnì. Ẹ̀dà orí bébà ni ẹ máa béèrè fún.

Ìkànìyàn wà láti 1841, ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, dé 1921. Ti 1841 máa ń tanni: wọ́n gé ọjọ́ orí àgbàlagbà wálẹ̀, ẹni ọdún 39 di 35, wọn kò sì sọ bí àwọn ará ilé ṣe bá ara wọn tan. Ti 1851 ló kọ́kọ́ dárúkọ párísì ìbí. Òṣìṣẹ́ oko ní agbègbè yìí sábà máa ń kó lọ sí oko mìíràn nínú oṣù karùn-ún, nígbà tí àdéhùn ọdún bá parí, nítorí náà ọmọ márùn-ún lè ní párísì ìbí márùn-ún. Ẹ má rò pé ìdílé mìíràn ni. Ẹ kọ àwọn párísì náà tẹ̀léra bí ọjọ́ orí àwọn ọmọ ṣe tẹ̀léra. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa wá ìrìbọmi wọn.

Ìwé ìjọ, ṣáájú 1855

Ibí ni iṣẹ́ ti ń le. Church of Scotland nìkan ló ni ìwé tí wọ́n ń pè ní Old Parish Registers. Láti 1733 ni àwọn kan ti ń yapa kúrò nínú ìjọ náà, ìjọ Relief sì dá sílẹ̀ ní 1761, ó sì rí ẹsẹ̀ walẹ̀ ní Jedburgh. Ọmọ àwọn oníyapa wọ̀nyí lè má sí nínú ìwé párísì rárá. Láàárín 1783 sí 1794, ìjọba ń gba pẹ́ńsì mẹ́ta lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ sínú ìwé, ọ̀pọ̀ tálákà sì yẹra. Ìwé ìsìnkú kò tó nǹkan. Àkọlé ibojì ló sábà ń dí àlàfo yẹn, Borders Family History Society sì ti kọ ti ọ̀pọ̀ itẹ́ òkú sílẹ̀.

Ẹ rántí pé obìnrin Skọ́tláǹdì kì í pàdánù orúkọ bàbá rẹ̀ nínú ìwé. Ìyá máa ń fara hàn lórúkọ ilé bàbá rẹ̀ nígbà ìrìbọmi ọmọ, àti lórí òkúta ibojì pẹ̀lú. Àṣà ìsọmọlórúkọ náà wúlò: ọmọkùnrin àkọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ bàbá bàbá, ìkejì ń jẹ́ ti bàbá ìyá, ọmọbìnrin àkọ́kọ́ ń jẹ́ ti ìyá ìyá, ìkejì ń jẹ́ ti ìyá bàbá. Bí àwọn ọmọkùnrin bá jẹ́ Archibald àti Gideon, ẹ wá Archibald ní ìhà bàbá kí ẹ tó wá ẹlòmíràn. Atọ́nà lásán ni o, kì í ṣe ẹ̀rí. Ọmọ tó kú ní kékeré máa ń fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò, nígbà náà ẹ ó rí Archibald méjì nínú ilé kan.

Bí ẹ kò bá rí ìgbéyàwó, ẹ ronú kan Gretna, afárá Coldstream àti Lamberton Toll, àwọn ibi tó wà létí ààlà tí tọkọtaya máa ń lọ ṣègbéyàwó. Lábẹ́ òfin Skọ́tláǹdì nígbà náà, ọkùnrin àti obìnrin tó bá sọ níwájú ẹlẹ́rìí pé àwọn gba ara àwọn ti di tọkọtaya. Àwọn alàgbà ìjọ kì í fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á pe irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ wá jẹ́jọ́, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Inú ìwé ìgbìmọ̀ alàgbà yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní kirk session, ni ẹ ó ti rí orúkọ bàbá ọmọ tí wọn kò bí sínú ìgbéyàwó. Ọ̀fẹ́ ni àwòrán rẹ̀ lórí ScotlandsPeople, àmọ́ kò ní atọ́ka orúkọ. Ẹ fi oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú ìbí ṣe ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa ka ojú ìwé kọ̀ọ̀kan.

Orúkọ àti ọ̀rọ̀ kéékèèké

Akọ̀wé ń kọ ohun tó gbọ́ ni. Elliot lè jẹ́ Eliot, Eliott, Elliott. Kerr lè jẹ́ Ker tàbí Carr. Home lè jẹ́ Hume. Turnbull ti di Trumble àti Trimble. Ẹ fi àmì * rọ́pò lẹ́tà tí kò dáa lójú: El*t* máa kó gbogbo Elliot jọ.

Nínú ìwé àtijọ́, “Armstrong of” ibì kan ni ẹni tó ni ilẹ̀ ibẹ̀. “Armstrong in” ibẹ̀ jẹ́ ẹni tó ń san owó oko fún olówó ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ àtẹ ìran orí íntánẹ́ẹ̀tì ti sọ alágbàro di baálẹ̀ nítorí pé wọn kò wo ọ̀rọ̀ kékeré yẹn. “Umquhile” túmọ̀ sí pé ẹni náà ti kú. Ẹ má wá a láàárín àwọn alààyè lẹ́yìn ọjọ́ ìwé náà. Ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn ọdún 1600 sí 1700 ṣòroó kà: e dà bíi pé wọ́n yí i sẹ́yìn, h sì máa ń gùn kọjá ìlà sí ìsàlẹ̀. Ẹ fi ojú mọ orúkọ oṣù ná, torí ẹ ti mọ bó ṣe yẹ kó rí.

Bí ẹ bá dé 1700

Níbí ni ọ̀pọ̀ ìran ti ń já. Owó orí ààrò tí wọ́n gbà láàárín 1691 sí 1695 lè fi olórí ilé hàn ní párísì kan, àmọ́ kò ní sọ bàbá rẹ̀. Ìwé ìhágún wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500, ìwé ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sasine wà láti 1617. Ẹni tó ní nǹkan ló ń wà nínú méjèèjì. Fún àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ Buccleuch, ìdílé olóyè tó ni ilẹ̀ púpọ̀ ní agbègbè yìí, àpò GD224 ní National Records of Scotland, ní Edinburgh, ló yẹ kí ẹ béèrè. Bí ẹ bá padà sẹ́yìn kọjá ìgbà yẹn, inagijẹ ni ẹ ó bá pàdé: Armstrong tó ń jẹ́ William pọ̀ débi pé ilé tàbí ìwà ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀, bíi Kinmont Willie (Willie ni ìkékúrú William) tí wọ́n yọ kúrò ní ilé olódi Carlisle ní 1596.

Lẹ́yìn 1603, ọba kan ṣoṣo ló ń jọba lórí ilẹ̀ méjèèjì, ó sì fọ́ àwọn ìdílé yìí ká. Ọ̀pọ̀ wọn bọ́ sí Ulster, ní àríwá Ireland. Bí ìdílé yín bá gba ibẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ìwé Ireland ni iṣẹ́ yín kọ́kọ́ jẹ́, iná 1922 ní Dublin sì jó púpọ̀ nínú rẹ̀.

Bí ìwádìí bá sọdá sí ẹ̀gbẹ́ Cumberland, káúńtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Carlisle wà, ẹ ṣọ́ra fún ọdún. Skọ́tláǹdì ti ń bẹ̀rẹ̀ ọdún ní oṣù kìíní láti 1600. Títí di 1752, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìrìbọmi oṣù kejì 1690 ní Carlisle jẹ́ 1691 ní ìṣirò òde òní.

Fún àyẹ̀wò DNA, Y-DNA, èyí tí bàbá ń fún ọmọkùnrin nìkan, ló bá ọ̀rọ̀ yìí mu, láti ara ọkùnrin tó gba orúkọ náà láti ọ̀dọ̀ bàbá dé bàbá. Èyí tí gbogbo èèyàn ń rà láti fi wá ẹbí kì í sábà lágbára kọjá ìran márùn-ún tàbí mẹ́fà. Bí Elliot méjì kò bá jọra, ẹ má bá ilé àyẹ̀wò jà: ẹ rántí pé orúkọ ìdílé tún ń fi ẹni tí èèyàn sá di hàn.

Ẹ má ra “àmì ìdílé” lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní Skọ́tláǹdì, ẹnì kan ló ń ni àmì oyè, lábẹ́ àṣẹ Lord Lyon, aláṣẹ tó ń bójú tó àmì oyè níbẹ̀. Kò sí ti gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ kan.

Heritage Hub ní Hawick ló ń tọ́jú ìwé agbègbè Borders. Fún ìhà Dumfries, ẹ lọ sí Ewart Library. Ẹ kọ̀wé ṣáájú, kí ẹ sọ párísì, oko àti ọdún. “Ẹ sọ ti àwọn Armstrong fún mi” kò ní ìdáhùn lọ́wọ́ wọn. “Ta ló ń dáko ní oko báyìí-báyìí, ní Castleton, láàárín 1780 sí 1800?” ni wọ́n lè bá yín wá.